Ọba Kẹta Tí Òwe Kò Kà

"Ọba tó jẹ tí ìlú tòrò, a kò ní gbàgbé rẹ̀, ọba tó jẹ tí ìlú tú, a kò ní gbàgbé rẹ̀." Bí àwọn àgbà bá pa òwe yìí, ohun tí wọ́n sábà ń fà yọ nínú rẹ̀ ni pé kí olórí rọra ṣe, nítorí ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò ròyìn rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà ti fi ohun kan sínú tí kò sọ síta: àwọn ọba méjèèjì pẹ́ lórí oyè débi tí gbogbo ayé fi mọ̀ pé ọwọ́ wọn ni ìlú ti tòrò tàbí ti tú. Ọba kẹta wà tí òwe kò kà mọ́ wọn. Òun ni èyí tí kò pẹ́ níbẹ̀, tí kò láṣẹ lórí ìjòyè, tí kò sì mọ ibi tí àpò ìlú wà. Kí la fẹ́ yìn ín sí? Kí la fẹ́ bú u sí? Irú ọba bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá tó kún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gírámà kékeré wa, ìyẹn JSS, níbi tí ọmọ ọdún mọ́kànlá ń gbà wọlé tó sì ń jáde bí ọ̀dọ́ tí ohùn rẹ̀ ti ń yí padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn tí a kò gbàgbé. Lọ́dún 1932 ni Àlùfáà Israel Ransome-Kútì gba àkóso Abeokuta Grammar School, ọdún 1954 ló tó fi í sílẹ̀. Kó tó débẹ̀, ó ti ṣe ọ̀gá ní Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School láti 1919. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́. Ó mọ ẹgba lò, mi ò sì ní kí ọ̀gá kankan lọ kọ́ ìyẹn lára rẹ̀. Tai Solarin ní tirẹ̀ fi Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àdúrà àti orin ìsìn, ni òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ bá dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956. Ogún ọdún ló fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, wọ́n sì ń kọ́lé. Ẹni tí àìgbà-pé-Ọlọ́run-wà Solarin ń bí nínú gan-an mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní Mayflower.

Wọ́n á ní èèyàn ńlá ni àwọn méjèèjì, pé Ọlọ́run ló ṣe irú wọn. Bóyá. Ohun tí èmi rí ni pé wọ́n ní àkókò, wọ́n sì ní àṣẹ. Ohun tí wọ́n bá sọ ní oṣù kìíní, wọ́n wà níbẹ̀ ní oṣù kejìlá láti bèèrè rẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà.

JSS kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bí 457,000 sí bí 811,000. Ilé ẹ̀kọ́ gírámà kò lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀ láéláé, nítorí náà ni wọ́n ṣe dá Modern School ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀, tí a lè pè ní ẹ̀gbọ́n JSS. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Grade Three ló ti ibẹ̀ jáde, síbẹ̀ ojú ẹni tí kò rí gírámà wọ̀ ni aráàlú fi ń wo ọmọ Modern. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 dé lọ́dún 1982, wọ́n ní JSS yóò kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀rọ Intro Tech, ìyẹn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, dé lóòótọ́. Nínú páálí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ kú sí, kò síná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 2004 wá so JSS mọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó di ọdún mẹ́sàn-án ọ̀fẹ́ tó pọn dandan. Lórí ìwé, JSS jẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú ọgbà, ó ń bá àwọn àgbà gírámà, ìyẹn SSS, gbé. Àwọn àgbà ló ni yàrá sáyẹ́ǹsì, àwọn ló ń ṣe WAEC tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde, tí gómìnà ń fi yangàn. Èsì Junior WAEC, ìdánwò àṣejáde JSS, kò tíì gbé gómìnà kankan wọlé ìbò.

Ibẹ̀ sì ni ọmọ ti ń sọnù. Ní Primary 6, tísà kan ló ni ọmọ láti àárọ̀ dọ̀sán: ó mọ̀ pé ọmọbìnrin yìí kò lè ka ojú ìwé kan já, ó mọ ìdí rẹ̀, ó mọ ìyá rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án dé, ọmọ wọ JS1, ó bá olùkọ́ mẹ́wàá pàdé, oníkálukú pẹ̀lú bí ogójì ìṣẹ́jú tirẹ̀. Ọmọ tí kò lè kàwé mọ bí wọ́n ṣe ń da nǹkan kọ láti ara pátákó. Ìwé rẹ̀ kún, àmì "good" pupa wà níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tó ní kó ka ohun tó kọ síta. Ẹni tó lè pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ JS1 kàwé sókè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni.

Agbára ọ̀gá yẹn ńkọ́? Ẹ wo time book ní ọ́fíìsì igbákejì rẹ̀. Bí aago mẹ́jọ bá lù, wọ́n á fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ tísà tó fọwọ́ sí i kẹ́yìn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, ìsàlẹ̀ ìlà ni yóò fọwọ́ sí. Ohun ìjà rẹ̀ nìyẹn. Tísà tó ń gbé lábẹ́ ìlà láti ọdún dé ọdún, kò lè lé e. Èyí tó mọ iṣẹ́, kò lè dá a dúró bí lẹ́tà tiransífáà bá dé. Owó ńkọ́? Òfin 2004 yẹn ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kí ìpínlẹ̀ sì mú tirẹ̀ wá kó tó gbà á. Àìmọye ìgbà la ti gbọ́ pé owó sùn sí Àbújá nítorí ìpínlẹ̀ kò mú tirẹ̀ wá. Èyí tó bá jáde, kíláàsì ni wọ́n ń fi kọ́, a sì dúpẹ́, àmọ́ kì í gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá. Wọ́n tún ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí. Ṣọ́ọ̀kì tán, àpò ara rẹ̀ ló ń wò.

Èyí tó ṣeé tún ṣe láìná owó ni iye ọdún tí ọ̀gá ń lò nílé ẹ̀kọ́ kan. Kí olùkọ́ tó di pírínsípà, ìfẹ̀yìntì ti kan ilẹ̀kùn: ọmọ ọgọ́ta ọdún, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún 2022, òfin ìjọba àpapọ̀ sún un sí ọmọ ọdún 65, tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí ìpínlẹ̀ bá ti gbà á wọlé. Ọdún márùn-ún kì í ṣe kékeré. Ọ̀gá tó bá fi í gba ọmọ JS1 wọlé yóò wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe Junior WAEC, ìran kejì á sì ti wà ní JS2 kó tó kúrò. Ìyẹn bí wọn kò bá pín ọdún márùn-ún náà fún ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta.