Láti Orí Èjí Dé Orí Ìbòyín Oníke: Ìtàn Ìtòyín àti Ipá tí Ohun Èlò Rẹ̀ Ń Ní Lórí Eyín, Pẹ̀lú Àkíyèsí Lórí Àríwá Èkìtì

1.0 Ìfáárà

Ìtọ́jú eyín kì í ṣe ohun tuntun láàrin àwọn Yorùbá. Kí ilé ìwòsàn ìgbàlódé tó dé ni tọmọdé tàgbà ti ń run pákò ní òwúrọ̀, tí orín ata sì gbajúmọ̀ láàrin wọn. Yorùbá ka èjí, ìyẹn àlàfo àárín eyín iwájú òkè, sí ẹwà. Àwọn tí a kò bí i mọ́ a sì máa pa á. Ṣùgbọ́n ara eyín ni pípa èjí ń gé kúrò. Kì í sún eyín kúrò ní ààyè rẹ̀. Sísún eyín láì gé e ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò. Èrò tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé bí a ṣe ṣe ohun èlò ìtòyín ni ó ń sọ irú ipá tí yóò dé ara eyín.

2.0 Ìtàn Ìmọ̀ Ìtòyín

Ní ọdún 1899, Edward Angle, ará Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde tí ó fi pín ọ̀nà tí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń gbà pàdé sí ìsọ̀rí. Ní 1904 sí 1905, Carl Sandstedt, ará Sweden, fi ẹ̀rí hàn pé nígbà tí a bá ti eyín, egungun a máa jẹ ní apá ibi tí eyín ń lọ, òmíràn a sì máa hù ní apá ibi tí ó ti ń kúrò. Ní 1932, A. M. Schwarz, ará Austria, dábàá pé ipá tí ó dára kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n gíráàmù 20 sí 26 lọ lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, kí ó má baà dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà nínú àwọn iṣan tín-ín-tín-ín. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Wáyà ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1945, H. D. Kesling, ará Amẹ́ríkà, sọ ọ́ pé a lè fi ọ̀wọ́ ìbòyín tí ó tẹ̀ léra sún eyín díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a dá ilé-iṣẹ́ Align Technology sílẹ̀ ní 1997, kọ̀ǹpútà ti lè ya àwòrán ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìbòyín oníke wọn ní 1998. Ọdún yẹn gan-an ni Ìdó-Èkìtì di ibùjókòó ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, tí ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní 2014.

3.0 Bí Ìrísí Ìbòyín Ṣe Ń Darí Ipá

Ìbòyín kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀ sí bí eyín ṣe wà. Ìyàtọ̀ náà kì í sábà ju ìdámẹ́rin mìlímítà kan lọ. Bí ike náà ti ń fẹ́ padà sí ìrísí rẹ̀ ni ó ń ti eyín. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ohun mẹ́ta ni ó ṣe kókó. Èkínní ni nínípọn ike. Nínú ìmọ̀ físíìsì, bí a bá sọ ike pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó mìlímítà 0.5 di 0.75, agbára tí yóò gbà kí ó tó tẹ̀ kò ní jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Yóò fi díẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Èkejì ni etí ìbòyín. Èyí tí a gé lọ́gbọọrọ, tí ó kọjá ìdí eyín díẹ̀, a máa di eyín mú ju èyí tí a gé ní títẹ̀ lé ìlà ìdí eyín lọ. Ẹ̀kẹta ni kókó kékeré tí dókítà ń lẹ̀ mọ́ ojú eyín. Orí eyín nìkan ni ìbòyín ń dì mú, bẹ́ẹ̀ inú egungun ni gbòǹgbò wà. Bí a bá ti orí nìkan, eyín yóò dà sí ẹ̀gbẹ́ bí òpó tí a ti lókè. Kí gbòǹgbò tó lè bá orí rìn, ipá méjì tí ó kọjú síra gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Kókó yẹn ni ó ń fún ike ní ibi tí yóò dì mú.

Ike a tún máa rẹ̀ lẹ́nu, ipá rẹ̀ a sì máa dínkù láti ọjọ́ kìíní. Ìdí nìyí tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tí a sì ń lò ó fún nǹkan bí wákàtí 20 sí 22 lójúmọ́.

4.0 Ohun tí Ó Kan Àríwá Èkìtì

Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé yóò gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì kí ó tó dé Ìdó. Owó ọkọ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ tí ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ń gbà lè mú kí ènìyàn fẹ́ ra ìbòyín lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì rí dókítà. Ewu wà níbẹ̀. Bí ìdí eyín bá ti ń ṣàìsàn, tí egungun sì ti ń jẹ, ipá tí kò pọ̀ pàápàá lè mì eyín. Ilé-iṣẹ́ SmileDirectClub ní Amẹ́ríkà, tí ó ń fi ìbòyín ránṣẹ́ sílé oníbàárà, kógbá wọlé ní oṣù Kejìlá 2023, ó sì fi ọ̀pọ̀ tí kò tíì parí ìtọ́jú sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣà náà wà níbẹ̀. Ìwé ìṣègùn òkèèrè lè ka àlàfo iwájú sí àbùkù tí ó yẹ kí a pa dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn èjí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

5.0 Ìkádìí

Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé ìtàn ìtòyín jẹ́ ìtàn bí a ṣe kọ́ láti lo ipá níwọ̀nba. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí lè fi kọ́ni ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ti àṣà. Ó tún lè gba òbí nímọ̀ràn láti mú ọmọ tí eyín rẹ̀ ń gun ara wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní àkókò, nítorí láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.