Láti Otigba dé Ìkòsì: Ìtàn Iṣẹ́ Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà ní Èkó

Ní Ìkòsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá dákú kì í ronú kan ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà. Ọ̀dọ̀ ẹnjiníà àdúgbò ni yóò gbé e lọ: nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, lórí tábìlì abẹ́ agboòrùn, tàbí ní kọ̀rọ̀ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ẹnjiníà yóò béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àti bóyá iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kí ẹ̀rọ tó kú. Yóò tàn án, yóò tẹ́tí sí i, yóò sì sọ ibi tí àìsàn wà. Títí dé ibí yìí, owó kì í sábà wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yà ara tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí. Ìbéèrè àti ìdáhùn, ọ̀fẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn, àní láàárín àwọn tí kò mọ ara wọn rí. Àṣà yìí kò bá kọ̀ǹpútà dé Èkó. Kọ̀ǹpútà ló wá bá a níbẹ̀.

Ọdún 1935 ni rédífúṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, àpótí tí àwọn ènìyàn sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í dúró gbọ́ èsì. Nígbà tí rédíò onítráńsísítọ̀ wọ ilé kiri, tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n di iṣẹ́ tí òbí lè fi ọmọ sí. Àwọn tó ń tún tàpùráítà ṣe náà wà, ọ́fíìsì ìjọba sì ni oníbàárà wọn tó dájú jù. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ èyí náà: òbí mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, ọmọ iṣẹ́ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ń jíṣẹ́, ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún ọ̀gá, títí ọdún fi pé tí wọ́n ṣe fírídọ̀mù fún un. Ìwé tí ó fi ọ̀nà wáyà inú ẹ̀rọ hàn kì í sábà dé ọwọ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá ta kókó, yóò rán ọmọ iṣẹ́ sí ọ̀gá míràn ní òpópónà kejì láti lọ béèrè. Oníbàárà kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá, síbẹ̀ ọ̀gá kejì yóò dáhùn, torí ó mọ̀ pé lọ́la iṣẹ́ tirẹ̀ náà lè ta kókó.

Kọ̀ǹpútà kò kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí wọlé. Ìṣirò ètò ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963 ni ó mú un wá sí Nàìjíríà, ọdún 1963 yìí kan náà sì ni IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ìgbà náà ń gba yàrá gbáko, kò sì lè ṣe láìsí afẹ́fẹ́ tútù. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó tà á nìkan ló láṣẹ láti ṣí i. Bí ètò yẹn bá dúró bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà má kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá títí di òní. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1972 tí wọ́n tún mú le sí i ní 1977 pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ àjèjì ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà. IBM kò gbà, ó sì kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì fi dé, ilé iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ì bá gbójú lé fún àtúnṣe kò sí nítòsí mọ́.

Ìṣubú náírà ló parí iṣẹ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ti ìjọba Ibrahim Babangida, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, owó dọ́là gbẹ́nu sókè, ọjà tuntun sì di ohun tí apá kò ká mọ́. Tòkunbọ̀ di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún mọ́tò, fún fìríìjì, nígbà tó yá fún kọ̀ǹpútà. Àwọn kan gbìyànjú láti máa to kọ̀ǹpútà pọ̀ nílé: Florence Seriki dá Omatek sílẹ̀ ní 1988, Leo Stan Ekeh sì gbé Zinox jáde ní 2001. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n báńkì àti ọ́fíìsì ìjọba ló ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ jù. Akọ̀wé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Kétu tàbí Ìkòsì, tòkunbọ̀ ni yóò rà.

Ibi tí yóò ti rà á kò jìnnà. Láti Ìkòsì, ènìyàn gba Ọ̀rẹ́gùn, ó di Ìkẹjà. Otigba tó wà níbẹ̀ jẹ́ òpópónà ilé gbígbé lásán títí di àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn tó ń ta ohun èlò ọ́fíìsì àti àwọn tó ń tún tàpùráítà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba yàrá iwájú ilé. Kí ọ̀rúndún tó yí padà, ọjà ti tàn dé òpópónà Pepple, Ọlá-Ayéni àti Francis Orẹ́mẹ́jì, wọ́n sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní Computer Village. Nígbà tí MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, fóònù alágbèéká wọ ọjà náà, ọjà kò sì lè gba èrò mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Oyelaran-Oyeyinka, nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 2006, ṣàkíyèsí ohun tí ẹni tó bá dúró ní Otigba fún wákàtí kan lè rí: ọ̀pọ̀ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ti ka yunifásítì, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí wọ́n fi ń jẹun, lẹ́nu iṣẹ́ àti lẹ́nu ara wọn ni wọ́n ti gbà á. Kò sì lè ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń dé kò ní ìwé, nígbà mìíràn kò ní ìdérí pàápàá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde pé nǹkan bí kọ̀ntẹ́ínà 500 ohun èlò ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù. Àwọn oníṣòwò sọ fún wọn pé tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó wà nínú àwọn kan kò ṣeé tún ṣe. Àbọ̀ náà kọminú nípa májèlé inú pàǹtírí yìí, ó sì tọ̀nà. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí ni pé òkìtì yìí kan náà ni ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó yọ ẹ̀yà ara lára kọ̀ǹpútà márùn-ún tó kú kí ó lè jí ẹ̀kẹfà ti mọ ohun tí ẹni tó ń ra tuntun kò ní mọ̀ láé.

Àwọn kapasítọ̀ orí bọ́ọ̀dù jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1999 sí 2007 ni kapasítọ̀ wọn kò dára; wọ́n ń wú lórí, wọ́n sì ń jo. Dell yọ 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ ní 2005 nítorí Optiplex tó ní àrùn yìí. Optiplex sì jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ tó wọ́pọ̀ jù láàárín tòkunbọ̀. Ní Èkó, kò sí ẹni tó ń dúró de ìwé ìkìlọ̀ Dell. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí i pé orí kapasítọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ti yọ bíi kókó fi han aládùúgbò, aládùúgbò fi han ẹlòmíràn, wọ́n ń yọ èyí tó dára lára bọ́ọ̀dù òkú, wọ́n ń jó o mọ́ ti alààyè.

Àwọn ìwòsàn kéékèèké ló pọ̀ jù. Kọ̀ǹpútà tó ń ké gbọọrọ léraléra nígbà tí wọ́n bá tàn án, tí ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀, RAM ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fura sí: wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ gbo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó pọ́n bíi wúrà, wọ́n á dá a padà. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, bátìrì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní CR2032 ló ti kú. Ìyẹn ló fà á tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń sọ fún un pé ojúlé báńkì kò ṣeé fọkàn tán, torí ẹ̀rọ náà rò pé ọdún mìíràn ni a wà. Páwà páàkì tó jó, iṣẹ́ NEPA ni, orúkọ kan tí kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn bí iléeṣẹ́ mànàmáná náà tilẹ̀ di PHCN ní 2005, tí wọ́n sì tà á fún àwọn aládàáni ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Iná tó lọ tó sì padà dé pẹ̀lú agbára tó ju ti àná lọ ti pa kọ̀ǹpútà púpọ̀ ní Èkó. Nígbà ọyẹ́, eruku ló ń pa àwọn tó kù.

Lẹ́yìn ọdún 2000, ibi tí àwọn aláìmọra ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ jù ní àdúgbò bíi Ìkòsì ni káfè íntánẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, ó jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ rí, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń so fáyìlì mọ́ lẹ́tà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni olùkọ́, ni dókítà, ni adájọ́ nígbà tí ìjà bá dé lórí ìṣẹ́jú tó kù. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń wo èsì WAEC nígbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Nígbà tí JAMB sì sọ gbogbo ìdánwò rẹ̀ di ti orí kọ̀ǹpútà ní 2015, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí káfè láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di máòsì mú. Òkìkí burúkú tí àwọn yahoo-yahoo fún káfè ti bo apá yìí mọ́lẹ̀ nínú ìtàn, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Káfè náà ni fáírọ́ọ̀sì ti ń ran. Ní 1986, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Lahore, Basit àti Amjad Farooq Alvi, kọ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Brain, wọ́n sì fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú rẹ̀ pé kí ẹni tó bá kó o pe àwọn fún ìwòsàn. Èyí tó da Ìkòsì láàmú kò fi nọ́ńbà sílẹ̀. Inú fláṣì ló ń bá wọlé: ènìyàn fi fláṣì sí kọ̀ǹpútà káfè láti tẹ ìwé, nígbà tó délé, fódà gbogbo ti pòórá, tàbí kí wọ́n di ọ̀nà àbùjá tí kò lọ síbì kan. Ẹkún ni fún akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ fáyìlì náà kò lọ. Fáírọ́ọ̀sì fi wọ́n pamọ́ ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò ṣí ojú dúdú kan, yóò tẹ attrib -h -r -s /s /d pẹ̀lú lẹ́tà fláṣì náà àti \*.*, gbogbo rẹ̀ yóò sì jáde. Ọ̀rọ̀ yìí tàn láti ẹnu dé ẹnu, lórí àjákù bébà, lórí ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ọfọ̀: ọ̀pọ̀ tó mọ̀ ọ́n sórí kò mọ̀ pé h ni ìfarapamọ́. Microsoft fúnra rẹ̀ dí ọ̀nà tí fláṣì fi ń dá ṣiṣẹ́ lórí àwọn Windows àtijọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2011, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí Windows rẹ̀ jẹ́ àdàkọ kì í sábà gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi aládùúgbò tún rí ojúde tó gbòòrò nígbà tí Seun Osewa dá Nairaland, ojúlé ìjíròrò orí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2005. Ẹni tó wà ní Kétu lè gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Kánò. Lẹ́yìn náà ni YouTube, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà Èkó ti di ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá tó wà ní Íńdíà tí wọn kò ní rí láé.

Èdè iṣẹ́ náà tọ́ sí àkíyèsí. Àwọn onímọ̀ èdè fún kọ̀ǹpútà ní orúkọ tó dùn, ẹ̀rọ ayárabíàṣá, ilé ìwé àti rédíò sì ń lò ó. Nínú ṣọ́ọ̀bù, sísítẹ́ẹ̀mù ni. Sísítẹ́ẹ̀mù ń họ́ngì, wọ́n á fọ́mátì rẹ̀, bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwòsàn ni wọ́n fi ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ó ń ṣàìsàn, ó dákú, ó jí.

Fóònù ti gba ipò kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ẹnjiníà Ìkòsì báyìí, ọjà Máìlì 12, ọjà oúnjẹ tó wà nítòsí, sì wà lára ohun tó fà á. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò dídín owó níná lọ́wọ́ kù ní Èkó ní 2012, alátà àti alálùbọ́sà kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Ọ̀wọ́n owó tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ló fi tipátipá kọ́ wọn: ẹni tí kò bá lè gba owó sórí fóònù kò lè tajà, tòmátì kò sì ní dúró dè é. Láti ìgbà náà, fóònù tó kú láàárọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ihò ìgbaná tó kún fún eruku ni àìsàn tó wọ́pọ̀ jù, igi ìtayín ni oògùn rẹ̀, ẹnjiníà kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yà ara ṣì ń ti Otigba wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun yóò kó ọjà náà lọ sí Katangowa ní agbègbè Àgbádó-Òkè Ọ̀dọ̀, tí ó jìnnà sí Ìkòsì ju Ìkẹjà lọ. Ọ̀kadà ló ń gbé ojú fóònù tàbí bátìrì láti Ìkẹjà wá tẹ́lẹ̀, títí ìjọba fi lé wọn kúrò ní Ìkẹjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí ó sì fi Kòsọ́fẹ́ kún un ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Ẹnjiníà ń ya àwòrán bọ́ọ̀dù báyìí, ó ń fi í ránṣẹ́ sí Otigba lórí WhatsApp láti mọ ẹni tó ní irú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ sì ń wọ bọ́ọ̀sì gba Ọ̀rẹ́gùn lọ gbé e.