Orúkọ Àwọn Bárékè Wa, àti Ohun Tí Ìyípadà Wọn Ń Ná Ni

Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan bárékè àwọn ọmọ ogun pẹ̀lú, nítorí orúkọ tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà bárékè jẹ́ ìwé ìtàn fún ẹni tí kò ní ìwé mìíràn.

Dodan àti Myohaung ní Èkó, àti Letmauk ní Ìbàdàn, orúkọ ibi ní ilẹ̀ Burma ni wọ́n. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ìyókù, ti bá ogun Japan jà ní ọdún 1945. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà wá sílé. Ẹ̀jẹ̀ ni a fi ra orúkọ wọ̀nyí.

Àwọn mìíràn ni a ti yí padà. Bárékè Odógbo ní Ìbàdàn di ti Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ẹni tí a pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, ní oṣù keje ọdún 1966. Bárékè Rukuba ní Jos náà sì di àgọ́ ńlá tí ó ń jẹ́ orúkọ Maxwell Khobe, ẹni tí ó ṣáájú ogun tí ó lé àwọn ọlọ̀tẹ̀ kúrò ní Freetown ní ọdún 1998. Ṣùgbọ́n Odógbo àti Rukuba ni ó ṣì wà lẹ́nu àwọn ará ìlú. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, bọ́ǹbù bú gbàmù ní àgọ́ Ìkejà. Ó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ tí ó kú, púpọ̀ nínú wọn sì rì sínú omi ní Òkè-Afá. Kò sí orúkọ akọni tí ó lè bo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan ṣírò pé mílíọ̀nù dọ́là 62.5 ni yóò ná wọn láti mú orúkọ àwọn tí ó jagun nítorí oko ẹrú kúrò ní àwọn ibùdó ogun wọn. Wọ́n yí orúkọ àgọ́ mẹ́sàn-án padà ní ọdún 2023. Ní ọdún 2025, ìjọba mìíràn wá ọmọ ogun mìíràn tí ó ń jẹ́ orúkọ àtijọ́ náà, ó sì dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni a ná owó lọ, tí a tún ná owó bọ̀.

Owó ni ìṣirò. Ìrántí kò ní ìṣirò. Nítorí náà, bí ìjọba bá fẹ́ pa Letmauk tàbí Dodan dà lọ́la, kí ó kọ orúkọ àtijọ́ sí abẹ́ tuntun, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa bi àwọn ọmọ léèrè pé: ta ni ó kú ní Letmauk? Ọmọ ta ni?