Òrùka Irin àti Òrùka Wúrà

Kò sí orílẹ̀-èdè kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní ohun ọ̀ṣọ́ tirẹ̀. Àwọn baba ńlá wa mọ iyì iyùn àti ti sẹ̀gi; àwọn ará Aṣanti mọ iyì wúrà; àwọn ará Íńdíà sì ti ń wa òkúta díámọ́ńdì tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ará Úróòpù tó mọ ọ̀nà ilẹ̀ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ tí ọmọ aráyé ń lò, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ó kéré bí òrùka, tí a sì di ẹrù tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ lé lórí. Òrùka ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ẹ̀rí ìgbéyàwó. Òrùka ni a sì fi ń dá ẹni ọlá mọ̀ ní ilẹ̀ púpọ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ nìyí: ṣé òrùka ni ó ń bu iyì fún ọwọ́ ni, tàbí ọwọ́ ni ó ń bu iyì fún òrùka? Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè.

Àwọn ará Róòmù ìgbàanì kò fi ọ̀rọ̀ òrùka ṣeré rárá. Pliny, ọ̀mọ̀wé wọn kan tí ó kú ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Jésù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé fún ìgbà pípẹ́, òrùka irin lásán ni àwọn ènìyàn pàtàkì ìlú náà ń lò. Àwọn tí a bá rán ní ikọ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni ìlú ń fún ní òrùka wúrà, nítorí pé wúrà ni àwọn àjèjì fi ń mọ ẹni ọlá. Síbẹ̀, ìta gbangba nìkan ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń lo ti wúrà. Bí ó bá wọ inú ilé rẹ̀, ti irin ni ó ń lò. Pliny tún sọ pé títí di ọjọ́ ayé òun, òrùka irin tí kò ní òkúta kankan lára ni ọkùnrin ń fi ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Róòmù ti di ọ̀gá lórí ilẹ̀ púpọ̀ nígbà náà, wúrà kò sì wọ́n wọn.

Bí òrùka ìyàwó ti dúró ní irin, ti àwọn ọlọ́lá kò dúró bẹ́ẹ̀. Tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí Pliny ni wúrà ti di àmì ipò wọn. Ní ọdún 216 kí a tó bí Jésù, Hannibal, ọ̀gágun Carthage ní Àríwá Áfíríkà, ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Róòmù ní Cannae nílẹ̀ Ítálì, ó sì pa wọ́n ní ìpakúpa. Livy òpìtàn ròyìn pé Mago, àbúrò Hannibal, kó àwọn òrùka wúrà tí a bọ́ lọ́wọ́ àwọn òkú lọ sí Carthage, ó sì dà wọ́n sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn kan wí pé òkìtì náà ju òṣùwọ̀n ọkà mẹ́ta lọ. Livy fúnra rẹ̀ rò pé òṣùwọ̀n kan ni ó súnmọ́ òtítọ́. Ẹ fi ojú inú wo òkìtì náà! Wúrà rẹ̀ kò ṣá, dídán rẹ̀ kò sì dín. Ṣùgbọ́n àwọn ìka tí ó ti ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ti di ohun ìdíbàjẹ́ ní pápá ogun. Òrùka kò gba ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́wọ́ idà.

Kí ni ó wá gba Róòmù? Ní ọdún 210 kí a tó bí Jésù, owó tán pátápátá nínú àpò ìlú, kò sì sí èyí tí a lè fi san owó ọ̀yà àwọn atukọ̀ ogun. Àwọn aráàlú ń kùn pé a ti gba gbogbo ohun tí àwọn ní tán. Nígbà náà ni Laevinus, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìlú, dá a lábàá pé kí àwọn àgbà ìgbìmọ̀ fúnra wọn kọ́kọ́ fi àpẹẹrẹ lélẹ̀: kí wọ́n kó wúrà àti fàdákà wọn wá, kí olúkúlùkù sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀, bí òrùka ọwọ́ tirẹ̀, ti aya rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. Livy sọ pé ṣe ni wọ́n ń du ara wọn láti jẹ́ ẹni tí a ó kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀, débi pé apá àwọn akọ̀wé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a. Ní ọdún 202, Róòmù ṣẹ́gun Hannibal ní Zama. Wúrà tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ó ṣe wọ́n ní àǹfààní, kì í ṣe èyí tí wọ́n wọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kọjá kí òkúta díámọ́ńdì tó bá wúrà kẹ́gbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọ̀kan nínú àwọn òrùka díámọ́ńdì tí ìtàn kọ́kọ́ dárúkọ ni èyí tí Maximilian, ọmọ Késárì ilẹ̀ Jámánì, fún Mary ti Burgundy ní ọdún 1477. Láyé ìgbà náà, ọmọ ọba àti ọlọ́rọ̀ ni ọwọ́ wọn ń tó o. Ní nǹkan bí ọdún 1725, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i ní Bràsíìlì, àwọn ẹrú tí a kó láti ilẹ̀ Áfíríkà ni a sì fi ipá mú láti máa ṣà á nínú omi odò.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 1871, a rí díámọ́ńdì ní ibi tí a wá ń pè ní Kimberley. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1914, àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ kòtò kan tí ó ju mílíọ̀nù 22 tọ́ọ̀nù iyẹ̀pẹ̀ àti àpáta lọ, kí wọ́n tó rí nǹkan bíi kìlógíráàmù 2,700 díámọ́ńdì nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, inú ọgbà ni a sé wọn mọ́ títí àdéhùn iṣẹ́ wọn yóò fi parí, a sì ń tú wọn sí ìhòòhò láti yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n má baà jí òkúta lọ. Ẹni tí ó bá wo dídán òkúta nìkan, tí kò rántí ọwọ́ tí ó wà á, ìlàjì ìtàn ni ó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni òkúta yìí kò ní àṣírí ńlá kan nínú. Ní ọdún 1797, Smithson Tennant, onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ohun kan náà tí ó wà nínú èédú ni díámọ́ńdì. Nígbà tí ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 1954, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ṣe é jáde nínú ẹ̀rọ. Kí ni ó wá sọ ọ́ di ọ̀wọ́n? Ilé-iṣẹ́ De Beers, tí Cecil Rhodes dá sílẹ̀ ní ọdún 1888, kó ibi ìwakùsà Kimberley sí abẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ iye tí yóò jáde sí ọjà, kí ó má baà pọ̀ jù. Ní ọdún 1947, obìnrin kan tí ń jẹ́ Frances Gerety kọ gbólóhùn kúkúrú kan fún wọn láti fi polówó ọjà, pé díámọ́ńdì a máa wà títí láé. Gbólóhùn náà wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára, títí wọ́n fi gbà pé ìfẹ́ tí kò ní díámọ́ńdì kò pé. Bí ìpolówó ọjà ṣe di àṣà nìyẹn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ irin. Ní ọdún 1806, Napoleon ọba Faransé fọ́ ogun ilẹ̀ Prussia túútúú. Nígbà tí ó di ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó gba nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n tún dìde ogun ní oṣù Kẹta ọdún 1813, kò sí owó. Nígbà náà ni Marianne, aya ọmọ ọba, àti àwọn obìnrin ìdílé ọba mìíràn bẹ àwọn obìnrin ilẹ̀ náà pé kí wọ́n mú ohun ọ̀ṣọ́ wọn wá fún ìgbàlà ilẹ̀ baba wọn. Wọ́n mú wọn wá, títí kan òrùka ìgbéyàwó. Òrùka irin ni a fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún wọn, a sì kọ ọ̀rọ̀ sí i lára tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́, “Wúrà ni mo fi gba irin.” Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó ní irin lọ́wọ́ ni ó ń yan, ojú sì ń ti ẹni tí wúrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Prussia àti àwọn tí ó bá a lọ́wọ́ sí i ṣẹ́gun Napoleon ní Leipzig. Obìnrin tí ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kò pàdánù ọkọ rẹ̀. Aya ni í ṣe síbẹ̀, iyì rẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí wa. Kí ìsìn Kristi tó mú òrùka ìgbéyàwó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ìyá wa ń gbé ilé ọkọ láìsí òrùka kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìdílé méjì, ìdáná àti àdúrà àwọn àgbà ni ìdè wọn. Nígbà tí Yorùbá bá sì fẹ́ búra tọkàntọkàn, kì í ṣe wúrà ni ó ń wá kiri. Irin Ògún ni ó ń fi ẹnu kàn. Wọ́n mọ̀ pé bí irú ohun tí a fi búra ti wù kí ó rí, ẹni tí ó búra ni ọ̀ràn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò wí pé kí ẹ kórìíra ohun ọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà jẹ́ iṣẹ́ àrà, ohun tí ó dára sì dùn-ún wò. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹ má ṣe jẹ gbèsè ọdún mẹ́ta nítorí òrùka ọjọ́ kan, kí ẹ má sì ṣe fojú tín-ínrín ẹni tí tirẹ̀ kò dán. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹ ó fi òrùka sí ẹnìkejì yín lọ́wọ́, ẹ ṣírò bí ẹ ó ti pa ọ̀rọ̀ yín mọ́ kí ẹ tó ṣírò owó òrùka. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè jó o padà. Àwọn àgbà kò parọ́ tí wọ́n wí pé ìwà rere ni ẹ̀ṣọ́ ènìyàn, eyín funfun ni ẹ̀ṣọ́ ẹ̀rín. Ọwọ́ tí ó mọ́ ni ó ń bu iyì fún òrùka, ìbáà ṣe wúrà, ìbáà ṣe irin.