Wọ́n Ní Kò Sí Ìtàn Nínú Azumanga Daioh

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka máńgà ní Avépozo, níhà ìlà-oòrùn Lomé, èrò kan wà tí kò sẹ́ni tó ń bi í wò mọ́: pé Azumanga Daioh, ìwé ẹ̀fẹ̀ alàwòrán tí Kiyohiko Azuma kọ nípa àwọn ọmọbìnrin iléèwé gíga kan ní Japan, kò ní ìtàn nínú. Wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró láyè ara rẹ̀, ibi tó bá sì wu èèyàn ló ti lè ṣí i láìpàdánù ohunkóhun. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé náà ń fi èyí yìn ín, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń fi í bú u. Ohun kan ṣoṣo tí tọ̀tún-tòsì fẹnu kò sí nìyẹn, òun gan-an sì ni kò tọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ máńgà tó ń wọ Togo, èdè Faransé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ yìí, ẹ̀dà àkópọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ilé ìtẹ̀wé Yen Press ló gbé e jáde ní 2009, ojú ewé rẹ̀ lé ní 600. Kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀nà tó ń lọ sí Aného àti Hillacondji, tó sì gba Kútọnu dé Èkó, Avépozo ló gbà kọjá. Níbi tí ẹrù ọjà àwa Ànàgó bá sì ti ń kọjá, ìwé kì í gbẹ́yìn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn òǹkàwé ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé ìròyìn olóṣooṣù tó ń jẹ́ Dengeki Daioh ló ti jáde, láti ẹ̀dà oṣù Kejì 1999 títí dé ẹ̀dà oṣù Karùn-ún 2002. Ní Japan, oṣù Kẹrin ni ọdún iléèwé ń bẹ̀rẹ̀, oṣù Kẹta ló sì ń parí. Ọdún mẹ́ta ni iléèwé gíga wọn, gẹ́lẹ́ bí seconde, première àti terminale ṣe jẹ́ mẹ́ta ní lycée tiwa. Ọdún mẹ́ta yẹn ni ìwé náà gbé kalẹ̀, orúkọ oṣù ni orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ́. Ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ ni Azuma wá fi sọ ọ́. Ọmọ tó wọ iléèwé gíga ní oṣù Kẹrin 1999, tó ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán ra ìwé ìròyìn náà, òun fúnra rẹ̀ ti ń jáde iléèwé nígbà tí àwọn ọmọbìnrin inú ìwé náà, Chiyo, Osaka, Tomo, Yomi, Sakaki àti Kagura, ń jáde. Bí ìwé náà ṣe ń dàgbà ni òǹkàwé rẹ̀ ń dàgbà.

Ìtàn tí wọ́n ní kò sí nìyẹn. Àkókò tó ń lọ ni. Kò sí ọ̀tá tí wọ́n ń bá jà, kò sí àṣírí kan tí yóò tú lójú ewé tó kẹ́yìn; ìdánwò ń bọ̀, eré ìdárayá ọdọọdún ń bọ̀, ìsinmi ń tán, àwọn ọmọ tí ara wọn ti mọ́lé sì ń sún mọ́ ọjọ́ tí oníkálukú yóò gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá fi òpin ọ̀sẹ̀ kan gbé gbogbo rẹ̀ mì yóò rí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń kọjá lọ.

Àṣìṣe náà nídìí o. Irú ìwé yìí ni wọ́n ń pè ní yonkoma: àwòrán mẹ́rin, ẹ̀fẹ̀ kan. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú irú rẹ̀ ni Sazae-san, tí Machiko Hasegawa bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní 1946, tó sì parí ní 1974. Nínú gbogbo ọdún 28 yẹn, Katsuo àti Wakame, àwọn ọmọ inú rẹ̀, ò kúrò ní ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nítòsí wa níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ náà ni Akissi, tí Marguerite Abouet ń kọ, tí Mathieu Sapin sì ń yàwòrán rẹ̀ láti 2010: ìwà ìpáǹle ọmọbìnrin kan ní Abidjan, ìtàn kúkúrú kúkúrú tó ń parí síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti kọ́ ní kíkà, kò burú bó bá rò pé bákan náà ni Azuma ṣe. Ṣùgbọ́n Azuma mú àwòrán mẹ́rin kan náà, ó sì jẹ́ kí àwọn èèyàn inú rẹ̀ máa yege lọ sí kíláàsì tó kàn.

Pé ìdúródè jẹ́ ara ìtàn, àwa tó ń ka Yorùbá ló yẹ kó tètè yé. Láti oṣù Keje 1929 dé oṣù Kẹta 1930 ni Isaac Thomas ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, obìnrin kan tó hùmọ̀, sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó díẹ̀díẹ̀, kó tó sọ ọ́ di ìwé lọ́dún 1930. Obìnrin tó ń kọ lẹ́tà náà jẹ́ aláìsàn. Àwọn òǹkàwé Èkó kọ̀wé sí olóòtú, wọ́n káàánú rẹ̀, àwọn kan gbà pé èèyàn gidi ni. Ẹni tó bá ka ìwé náà lónìí kò ní ìdí láti bẹ̀rù bóyá aláìsàn yẹn yóò rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: yóò kàn ṣí ojú ewé. Ìdí nìyí tó fi dára tí Karin Barber kó lẹ́tà àwọn òǹkàwé mọ́ ẹ̀dà tó ṣe ní 2012. Ìtàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ìdúródè tí wọ́n dúró dè é wà lára rẹ̀, àwọn lẹ́tà yẹn ló sì jẹ́ ká ṣì lè fojú kan án.

Àṣìṣe kékeré kan tún ń ran ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ọ̀tún ni wọ́n ti ń ka máńgà lọ sósì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú yonkoma, òkè ni wọ́n ti ń kà á wá sísàlẹ̀: àwòrán mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún ní òòró, lẹ́yìn náà mẹ́rin ọwọ́ òsì. Mo ti rí i tí ọmọ kan ń kà á ní ìbú, tó ń mú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn, tó wá ní àwọn ará Japan ò mọ bí wọ́n ṣe ń pani lẹ́rìn-ín.

Ti olùkọ́ Kimura inú Azumanga Daioh ni n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀kọ́rọ̀ nípa àwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀, ká tó fi ṣe ẹ̀rín! Ẹni tó bá ní ibẹ̀ ba ìwé náà jẹ́ fún òun, ó jàre.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àkókò tó ń lọ, ká wo Sakaki. Ọmọbìnrin gíga, aláìlẹ́nu-ọ̀rọ̀, tó fẹ́ràn ológbò ju ohunkóhun lọ. Ológbò àdúgbò rẹ̀ sì máa ń bù ú lọ́wọ́ jẹ nígbàkígbà tó bá nawọ́ sí i. Ẹ̀fẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, ó sì ń padà wá títí tí òǹkàwé yóò fi rò pé ibi tó mọ nìyẹn. Ní ọdún kejì, ìrìn-àjò iléèwé gbé wọn lọ sí Okinawa. Ní erékùṣù Iriomote, ọmọ ológbò igbó kan, irú èyí tí kò sí níbòmíràn láyé, jẹ́ kí Sakaki fọwọ́ kan òun. Ní ọdún kẹta, ọmọ ológbò náà wá a délùú rẹ̀, ó sì dúró níwájú rẹ̀ nígbà tí àwọn ológbò àdúgbò yí i ká. Ẹni tó ṣí ìwé náà láàárín yóò rí ológbò tó ń gbèjà èèyàn, yóò sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti bá ọwọ́ tí wọ́n ń bù jẹ yẹn bọ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ kò ní rẹ́rìn-ín nìkan.

Àwọn tó ni iṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ kó o sí, mẹ́rin ò sì lè pín ọdún mẹ́ta dọ́gba. Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, ní 2009, ilé ìtẹ̀wé Shogakukan tún un tẹ̀ ní ìwé mẹ́ta, ọdún iléèwé kan sí ìwé kan, Azuma sì ya àwọn orí tuntun kún un. Ẹ̀dà ńlá tó wà ní Avépozo ṣe é pín bẹ́ẹ̀: kí ọmọ seconde ka ti ọdún àkọ́kọ́ tán, kó gbé e fún ẹlòmíràn, kó tún gbà á padà lẹ́yìn ìsinmi gígùn. Bó bá wá sọ lẹ́yìn ìyẹn pé ìtàn náà ò dùn mọ́ òun, n kò ní àtúnṣe kankan láti ṣe.