Àlọ́ Kì í Ṣe Àlá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti wo sinimá The Wizard of Oz kí wọ́n tó gbọ́ pé inú ìwé ọmọdé ni ó ti jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni mí. Nígbà tí mo wá ka ìwé náà, ó yà mí lẹ́nu pé ibi tí mo rò pé àwọn méjèèjì ti jọra jù, èyí ni ìparí wọn, gan-an ni wọ́n ti pínyà.

L. Frank Baum ni ó kọ ìwé náà, ọdún 1900 ni ó sì jáde ní Chicago. Ìjì gbé Dorothy, ọmọ òrukàn, tilé-tilé kúrò ní oko Ọ́ńkù Henry àti Àǹtí Em ní Kansas, ó gbé e dé ilẹ̀ Oz. Ní 1939 ni ilé-iṣẹ́ MGM sọ ọ́ di sinimá. Judy Garland, ọmọ ọdún 16 nígbà tí wọ́n ń ya eré náà, ni ó ṣe Dorothy.

Kí a má purọ́, sinimá náà dára. Baum kọ ọ́ pé gbogbo Kansas rí bí eérú. Àwọn oní-sinimá gbọ́ ọ yé: Kansas tiwọn ṣì dúdú-dúdú títí Dorothy fi ṣílẹ̀kùn sí Oz, tí àwọ̀ oríṣiríṣi gba ojú ẹni. Nítorí àwọ̀ yìí kan náà ni bàtà fàdákà inú ìwé ṣe di bàtà rúbì pupa. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tí ó gbẹ̀yìn bàtà náà ni ó dùn mí.

Nínú ìwé, bí Dorothy ti ń fò bọ̀ wálé, bàtà náà bọ́ sínú aṣálẹ̀, ó sì sọnù títí láé. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó balẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ilé tuntun tí Ọ́ńkù Henry kọ́ rọ́pò èyí tí ìjì gbé lọ. Ẹlẹ́rìí méjì nìyẹn pé ìrìn-àjò náà wáyé. Nínú sinimá, orí ibùsùn ni Dorothy ti lajú. Fèrèsé ni ó gbá a lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ oko ni ó rí lójú àlá tí ó fi pè wọ́n ní ọ̀rẹ́. Ó ní òun lọ sí Oz lóòótọ́, àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín.

Àlọ́ kì í ṣe àlá. Apàlọ́ tiwa a máa fi agogo ẹnu rẹ̀ búra pé òun kò purọ́. Kò sí ẹni tí í jí Ìjàpá lójú oorun kí àlọ́ tó parí. Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọ pé àlá ni gbogbo ohun tí ó fi ìgboyà ṣe, ó ti gba ìgboyà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé àti nínú sinimá, Dorothy gbà pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n Baum mọ̀ pé ilé lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ní 1888 ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Aberdeen ní Dakota. Ṣọ́ọ̀bù tí ó ṣí níbẹ̀ kógbá sílé, ìwé ìròyìn rẹ̀ náà kógbá sílé, ọ̀dá sì ń fi ojú àwọn àgbẹ̀ rí màbo. Ní 1891 ó kó lọ sí Chicago. Kò yà mí lẹ́nu, nígbà náà, pé nínú The Emerald City of Oz, ní 1910, ó jẹ́ kí a mọ̀ pé owó èlé ni Ọ́ńkù Henry fi kọ́ ilé tuntun yẹn. Ó fi oko dógò, báńkì sì fẹ́ gbà á. Dorothy kó òun àti Àǹtí Em lọ sí Oz, wọ́n sì di ará ibẹ̀.

Ní 1939, àwọn àgbẹ̀ Kansas ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ nínú ọ̀dá àti ìjì eruku tí ó lé ọ̀pọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Sinimá náà kò dárúkọ gbèsè. Ó mú Miss Gulch olówó wá, ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ láti mú Toto, ajá Dorothy, lọ. Nígbà tí Dorothy jí, kò sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀ obìnrin náà mọ́. Àlá ti parí, ẹjọ́ ajá ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín wo sinimá náà. Yóò dùn mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé fún wọn títí dé ìparí, kí wọ́n rí ilé tuntun náà. Ọmọ tí ó bá béèrè ẹni tí ó san owó rẹ̀ ti gbọ́ àlọ́ náà dé ìdí.