Tagalog àti Cebuano: Bí Ọ̀kan Nínú Ọmọ Ìyá Méjì Ṣe Di Èdè Orílẹ̀-èdè

Ní orílẹ̀-èdè Fílípínì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé Tagalog nìkan ni a lè pè ní èdè, pé ẹ̀ka-èdè lásán ni Cebuano àti àwọn yòókù. Kódà àwọn tí ó ń sọ Cebuano a máa pe èdè ẹnu wọn ní diyalekto, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Spéìn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí a kàwé ní èdè Faransé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bí ní Cebu, tí kò kọ́ Tagalog rí, kò lè gbọ́ ohun tí ará Batangas ń wí, ará Batangas náà kò sì lè gbọ́ tirẹ̀. Èdè méjì ni wọ́n. Ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni bí ọ̀kan ṣe gba ipò ọ̀gá.

Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́. Ẹbí Austronesian, tí ó nà láti Taiwan títí dé Madagascar, ni àwọn méjèèjì ti jáde, wọ́n sì súnmọ́ra gan-an nínú ẹbí náà. Bí ará Manila bá ń kà láti oókan dé aárùn-ún, yóò ní isa, dalawa, tatlo, apat, lima. Ará Cebu yóò ní usa, duha, tulo, upat, lima.

Èdè tí ó bí wọn ní fáwẹ́ẹ̀lì kan tí kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn mọ́. Tagalog sọ ọ́ di i, Cebuano sì sọ ọ́ di u, tí wọ́n sábà máa ń kọ ní o bí ó bá bọ́ sí ìparí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ìrẹsì tí a kò tíì sè fi ń jẹ́ bigas ní Manila, tí ó sì ń jẹ́ bugas ní Cebu. Òrùlé jẹ́ atip àti atop. Ohun ọ̀gbìn jẹ́ tanim àti tanom. Tagalog tún ti pa l jẹ láàrin fáwẹ́ẹ̀lì méjì nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀: ọ̀nà, tí ó jẹ́ dalan ní Cebuano, di daan, oṣù, bulan, di buwan. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ òrìṣà àti òòṣà lẹ́nu ẹnì kan náà kò ní ṣe kàyéfì. Ó sì dùn mọ́ni pé ìpajẹ yìí kan náà ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ìlú Cebu fúnra rẹ̀, níbi tí balay, ilé, ti ń di bay.

Gírámà ni wọ́n ti jìnnà síra jù. Tagalog a máa ṣe àpètúnpè sílébù láti fi hàn pé ìṣe kan ń bọ̀: kakain, yóò jẹun. Cebuano kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo- ni ó fi síwájú: mokaon. Níbi tí Tagalog ti ń fi hindi kan ṣoṣo kọ ìṣe tí ó ti kọjá àti èyí tí ń bọ̀, wala ni Cebuano ń lò fún èyí tí kò ṣẹlẹ̀, dili fún èyí tí kò ní ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tàn náà wà: langgam jẹ́ ẹyẹ ní Cebu, eèrà ni ní Manila.

Kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí ó fi hàn pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni ó yẹ kí ó jọba, Cebuano ni ì bá gba adé. Ní 1521, Antonio Pigafetta, ará Ítálì tí ó bá Magellan rìn, kọ ọ̀rọ̀ tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ ní Cebu. Cebu náà ni Legazpi kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ní 1565. Ṣùgbọ́n ní 1571 ó kó ìjókòó ìjọba lọ sí Manila, ní àárín àwọn tí ń sọ Tagalog, àwọn ìwé sì tẹ̀ lé ìjọba. Ní 1593 ni wọ́n tẹ Doctrina Christiana jáde ní èdè Spéìn àti Tagalog; ní 1610, ìwé gírámà Tagalog tí Blancas de San José kọ jáde. Kódà Bisaya, ìwé ìròyìn Cebuano tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1930, ọwọ́ ilé ìtẹ̀wé Liwayway ti Manila ni ó ti jáde.

Ìwé òfin ọdún 1935, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí a fi ọ̀kan nínú àwọn èdè ìbílẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ èdè orílẹ̀-èdè. Ní 1936 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ láti yan èdè náà, kí ó jẹ́ èyí tí gírámà àti lítíréṣọ̀ rẹ̀ ti gbòòrò jù, tí ènìyàn púpọ̀ sì tẹ́wọ́ gbà. Jaime de Veyra, tí èdè Waray jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, ni alága. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ó ṣojú fún Tagalog. Síbẹ̀ Tagalog ni wọ́n mú, Ààrẹ Manuel Quezon sì kéde rẹ̀ ní 30 Oṣù Kejìlá 1937. Lójú tèmi, kì í ṣe ojúsàájú ni a fi yàn án. Ìwé ni wọ́n wò, ìwé sì ti wà ní Manila láti ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Iye ẹnu kò tó láti yí i padà: nínú ìkànìyàn ọdún 1948 àti ti 1960, àwọn tí ń sọ Cebuano nílé pọ̀ ju àwọn tí ń sọ Tagalog nílé lọ.

Ní 1959, wọ́n sọ èdè náà ní Pilipino. Ìwé òfin ọdún 1987 sọ ọ́ ní Filipino. Orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ọmọ Cebu tí ó wọ ilé ìwé mọ̀ pé Tagalog ni òun ń gbọ́. Ní 2009 ni ìjọba tó gbà pé kí gbogbo ọmọdé máa fi èdè ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, òfin ọdún 2013 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò pẹ́ lọ títí. Ní Oṣù Kẹwàá 2024, òfin mìíràn dá ẹ̀kọ́ padà sí Filipino àti Gẹ̀ẹ́sì. Kíláàsì tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ bá ń sọ èdè kan náà nìkan ni ó ṣì lè lo èdè ìyá, bí èdè náà bá ní akọtọ́ tí ìjọba tẹ̀ jáde, àkójọ ọ̀rọ̀, lítíréṣọ̀, ìwé gírámà, àti olùkọ́. Ti àkójọ ọ̀rọ̀ kò lè ni Cebuano lára: láti 1972 ni ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti John Wolff ti wà fún un. Àwọn èdè kéékèèké orí òkè Luzon àti Mindanao, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ gírámà wọn, ni ìlẹ̀kùn yìí tì mọ́ jù.